Bí Mo Ṣe Gba Ìwé Àṣẹ Igbó Àgbọ̀nrínsùn

Ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Òjò àárọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sóko, ẹni tó bá sì ní òun yóò gbọ́ ìtàn ọdẹ lórí ìdúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ògúnbọ̀dé ará Ìdó-Apá. Èmi ni mo wo ẹfọ̀n lójú títí tó fi yí ẹ̀yìn padà. Èmi ni mo bá erè gbé inú ihò àpáta kan náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì kò kí ẹnì kejì. Káríìmù, má rẹ́rìn-ín, ó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ìtàn òní kì í ṣe ti ẹfọ̀n, kì í sì í ṣe ti erè. Ìtàn ìwé ni. Ìwé pélébé kan ni mo torí ẹ̀ wọ igbó fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ló sì bà mí lẹ́rù ju gbogbo ẹranko tí mo ti dojú kọ láyé mi.

Ẹ mọ̀ pé ìjọba ti sọ Igbó Àgbọ̀nrínsùn di rìsáàfù, wọ́n ní ìbọn kò gbọdọ̀ dún níbẹ̀ mọ́. Mi ò bá wọn jà. Èmi gan-an ti rí i pé ẹran ń dín kù, ọdẹ tó bá sì fẹ́ràn igbó kì í fẹ́ kó tán lójú òun. Ṣùgbọ́n kí ni ọdẹ fẹ́ máa ṣe? Kí n máa ta búrẹ́dì ni? Ni mo bá jókòó, mo ro ó. Àwọn olùkọ́ àti àwọn ará ìlú ńlá máa ń wá bi wá léèrè ibi tí wọ́n ti lè rí àgbìgbò àti ọ̀bọ, wọ́n fẹ́ rí omi tó ń já láti orí àpáta. Ta ló mọ ibẹ̀ bí èmi? Mo ní n óò máa mú wọn wọlé ní ọjọ́ Sátidé, n óò máa fi nǹkan hàn wọ́n, n óò sì mú wọn jáde ní àlàáfíà. Ẹsẹ̀ mi kò ní gbàgbé igbó, igbó kò sì ní gbàgbé mi. Èrò tó dára ni. Ìyàwó mi Àdùfẹ́ pàápàá, tí kì í tètè gba èrò mi, ní ó dára.

Ìgbà tí mo dé ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣọ́ igbó ni mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọkùnrin tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ìwé, fún mi ní àga. Mo bá Olóyè Fáṣọyin níbẹ̀, òun tó ni ilé ìlagi tó wà lójú títì.

"Bàbá ọdẹ," ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wí, "mi ò kọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n igun igbó tí ẹ fẹ́ máa mú àlejò lọ yìí, òun náà ni Olóyè ń tọrọ láti gé igi níbẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Ẹtì, òun ni yóò ni ín fún ọdún márùn-ún."

"Kí ni ìwé tèmi fẹ́ kó tó pé?"

"Ẹ ya ọ̀nà tí ẹ óò gbà. Gbogbo ibi tí omi wà, gbogbo ibi tí ewu wà, gbogbo ibi tí ẹran ń gbà kọjá. Ẹ má fi ibì kankan sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan mú àlejò wọ igbó mìíràn láìgba àṣẹ, obìnrin kan já sínú kòtò tí kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Bí àlejò bá dákú, ta ni ẹ óò pè? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Kí Baálẹ̀ abúlé tó wà létí igbó náà tẹ̀ka sí i."

Olóyè Fáṣọyin rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá ọdẹ, ẹ fi wàhálà yìí sílẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n óò fi yín ṣe olùṣọ́."

Ẹ gbọ́! Èmi Ọdẹ́rìndé, kí n máa ṣọ́ igi tó ti ṣubú! Inú bí mi débi pé mo gbàgbé fìlà mi sórí tábìlì wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà ni mo gba òǹtẹ̀ Baálẹ̀. Ó tó fún ìjọba, àmọ́ kò tó fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ lè má mọ̀ pé ọdẹ kì í mú àlejò wọ igbó láìkọ́kọ́ lọ sọ fún àwọn tó ni ibẹ̀. Bàbá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Nítorí náà mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, ọdẹ kì í kàn rìn lọ́wọ́ òfo ni. Mo mú bébà, bírò àti tàdáwà ìtẹ̀ka, mo sì wọ Àgbọ̀nrínsùn.

Mi ò tíì rìn jìnnà sí òpó ààlà tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ tí mo fi gbọ́ ohùn kan lókè orí mi. "Ọdẹ́rìndé, ìbọn wà léjìká rẹ, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ. Èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ fi pa wá?"

Mo gbójú sókè. Ọkùnrin kan ló dúró níwájú mi, ó ga tó àjà mẹ́ta, awọ ara rẹ̀ sán bí èèpo igi, ewé ló sì fi ṣe irùngbọ̀n. Mo mọ̀ ọ́n. Àgbà Àfàrà ni, ẹ̀mí igi àfàrà tó dàgbà jù nínú igbó náà, ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Àwọn ọdẹ máa ń yọ fìlà fún un bí wọ́n bá ń kọjá, èmi ò sì ní fìlà lọ́jọ́ náà, ìtìjú mú mi. Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ́rù bà mí ni ọ̀dà pupa tó wà láyà rẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí i.

"Kí ni wọ́n kọ sí yín láyà, bàbá?"

"Igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Àwọn ọmọ onílé ìlagi ló wá ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n kà wá. Ẹni tí wọ́n bá ti kà, wọ́n ti tà á. Kí ni ìwọ wá ṣe?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní, "Mo fẹ́ pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá já a, mo tẹ̀ka. Bí o kò bá já a, padà sílé lọ ta búrẹ́dì." Ẹ wò ó, mi ò mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ búrẹ́dì fún un! Ó ní, "Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bí i, ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ tọ́ ọ dàgbà. Ẹni tó bí i kú, òun ò kú."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi ni kò ní mọ ìyẹn? "Ọ̀nà ni, bàbá. Ọdẹ kan ló kọ́kọ́ là á, gbogbo ayé ló ń rìn ín."

"O já a," ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín padà. "Àmọ́ o kò tíì gbọ́ ìyókù rẹ̀. Ọ̀nà kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó wá ṣe. Olùkọ́ rẹ yóò gbà á kọjá lónìí. Bó bá dọ̀la, ta ni yóò gbà á?" Ó na ìka rẹ̀ tó rí ṣákaṣàka, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà mi. "Mo tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ayùn sún mọ́ mi ju ọ̀nà lọ. Má rò pé inú mi dùn sí i." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sì rìn fún ìgbà pípẹ́ láì súfèé, èmi tí mo máa ń súfèé nínú igbó.

Ní Ọjọ́rú, mo ń ya ọ̀nà lọ. Ẹ̀yin ará mi, kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀. Àwòrán tí mo yà kò lẹ́gbẹ́! Mo ya omi, mo ya àpáta, mo ya ibi tí ewé èsìsì pọ̀ sí. Ojú ipasẹ̀ ẹran ni mo tún dárà sí jù. Bí mo bá rí ti etu, mo yà á bó ṣe rí, pátákò méjì síwájú, síbi tó ń lọ gan-an. Ti túùkú, ti àgbọ̀nrín, ti òòrẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo yà. Ọdẹ tó bá ń ya ipasẹ̀ tí kò yà á bó ṣe kọjú, kí ló kù nínú iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀? Inú mi ń dùn, mò ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, mi ò wo ilẹ̀. Ìgbà tí mo rí ògán kan tí mo ti kọjá láàárọ̀, mo ní kò burú. Ìgbà tí mo tún rí i lẹ́ẹ̀kejì, mo dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo wẹ̀yìn láti wo ojú ẹsẹ̀ mi, ilẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọ́n gbá a. Èmi Ọdẹ́rìndé ti sọnù nínú Àgbọ̀nrínsùn!

Nígbà náà ni mo rí i. Ó pẹlẹbẹ bí awọ́nrínwọ́n, ó gùn ju ìkòokò mẹ́ta lọ, orí rẹ̀ tóbi bí odó, ahọ́n rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Ahọ́n yẹn ló fi ń lá ojú ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀, ó ń gbé e mì, ó ń mí gúlegúle. Ajẹpasẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Bàbá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi rí, mo rò pé ó fi ń dẹ́rù bà mí ni.

"Ó ti tó ọdún méje tí mo ti jẹ àjẹyó gbẹ̀yìn," ó wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti lé ẹ̀yin ọdẹ kúrò. Ẹni tí kò ní ipasẹ̀ mọ́ kò mọ ibi tó ti wá. Ẹni tí kò mọ ibi tó ti wá, tèmi ni tòun tẹsẹ̀ rẹ̀."

Ló bá fò mọ́ mi. Mo sá gorí ògán, ó já bàtà ẹsẹ̀ òsì mi gbà, ó gbé e mì. Níbi tí mo dúró sí lókè yẹn ni mo ti rí ohun tó gbà mí. Láti kékeré ni ọwọ́ mi ti ń ṣẹ́ ewé ní ọ̀gangan èjìká bí mo bá ń rìn nínú igbó, ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é mọ́. Ewé tí mo ṣẹ́ ló tò lọ síwájú mi yẹn, ilẹ̀ nìkan ni Ajẹpasẹ̀ ń lá, kò mọ nǹkan kan nípa òkè. Mo wá ní ìgboyà.

"Ajẹpasẹ̀, mo mọ ọ̀nà ilé mi. Bí mo bá lọ báyìí, mi ò ní padà wá, ebi yóò sì pa ọ́ kú. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ka sí ìwé mi, n óò máa mú ogún èèyàn wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ogójì ẹsẹ̀!"

Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀. "Ogójì?"

"Ogójì. Àlọ àti àbọ̀. Àmọ́ o kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án títí a ó fi jáde tán. Lẹ́yìn náà, jẹ ẹ́ bó ṣe wù ọ́."

"Onílé ìlagi ńkọ́? Òun náà yóò mú èèyàn wá."

"Katakata ló máa gùn wá. Ojú táyà ni yóò fi sílẹ̀ fún ọ."

Ó fajú ro. "Mo jẹ ojú táyà rí. Inú rún mi fún oṣù mẹ́ta." Ó fi ahọ́n tẹ bébà mi, mo sì fi ẹsẹ̀ kan bọ bàtà rìn kúrò níbẹ̀. Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín ni.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo dé ibi tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin ará mi, ibi tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ funfun kan wà láàárín Àgbọ̀nrínsùn, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹran ti ń wá lá iyọ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn abo wọn ti ń bímọ. Bàbá mi mú mi débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ọdẹ ilé wa kò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ìlú. Mo bá ìyá arúgbó kan níbẹ̀ tó jókòó sórí òkúta. Ó kúrú, tótòtó funfun wà lára rẹ̀ bí ti àgbọ̀nrín, ọmọ etu mẹ́ta tí wọn kò tíì lè dúró wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu wọ́n gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ láìmọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀.

"Èèyàn mélòó ló mọ ibí?" ó bi mí.

"Bàbá mi mọ̀ ọ́n, ìyá. Èmi náà mọ̀ ọ́n."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti dolóògbé."

"Ó ku ẹnì kan nìyẹn." Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ọmọ náà gbìyànjú láti dúró, ó ṣubú, ó tún dìde. "Mo ti gbọ́ ohun tí o wá ṣe. Mi ò bá ọ jà. Mú àwọn èèyàn rẹ lọ síbi omi, mú wọn lọ síbi ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n má kọ ibí sínú ìwé. Àwọn ọmọ mi kò ní ibòmíràn."

"Ìyá, wọ́n ní kí n má fi ibì kankan sílẹ̀."

"Mo gbọ́. Èmi ló wá ń bẹ̀ ọ́."

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Mo yọ ìbọn léjìká, mo fi ètè kan irin rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọdẹ. Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà mi, ojú pátákò kékeré méjì ló jáde níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, mo dé ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀ lásán. Olóyè Fáṣọyin ti wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé gba tèmi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó rí òǹtẹ̀ Baálẹ̀. Ó rí àwọn òǹtẹ̀ mẹ́ta yòókù, ó wò mí lójú. Ọmọ ọdẹ lòun náà, ó mọ irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, iṣẹ́ yín dára," ó wí. "Mi ò rí irú rẹ̀ rí." Orí mi wú. Ó wá fi ìka sí àárín bébà náà, níbi tó funfun. "Kí ló wà níbí?"

"Igbó lásán ni."

"Igbó lásán." Ó fi ìka tọ ipasẹ̀ etu, ó tọ ti túùkú, ó tọ ti àgbọ̀nrín. "Bàbá, gbogbo ẹran tí ẹ yà, ibí yìí ni gbogbo wọn kọjú sí."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Èmi alára ló yà á. Ìgbéraga ọwọ́ mi ni kò jẹ́ kí n ya ẹyọ ẹsẹ̀ ẹran kan sí ibòmíràn, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi sọ ohun tí mo búra pé mi ò ní sọ. Ojú tì mí, inú mi sì bàjẹ́ púpọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Mi ò lè fọwọ́ sí ìwé tí mo mọ̀ pé nǹkan wà tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ rántí obìnrin tó já sí kòtò. Èmi ni mo dúró níwájú ọkọ rẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò le, èyí ló sì burú jù, nítorí mi ò rí i bú.

Olóyè Fáṣọyin tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Tèmi ò ní ojú funfun kankan o, ọ̀gá. Látòkè délẹ̀ ni mo fẹ́ gé e."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rọ ìgégi yóò wọlé ní ọjọ́ Ajé, Àgbà Àfàrà yóò ṣubú, ilẹ̀ iyọ̀ náà yóò sì lọ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, irin tí mo fẹnu kàn ń gbọ́. Mo dúró títí Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé fi ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo gba bírò, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ibi tí ẹran ti ń bímọ.*

Bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò, ojú pátákò kékeré méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ó ń ṣá lọ bí ojú omi tí oòrùn ń gbẹ lórí àpáta. Kò pẹ́ tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé rí i. Ó ní òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi níbi tí ẹran ti ń bímọ, ó sì lu òǹtẹ̀ ìjọba mọ́ ìwé mi. Olóyè Fáṣọyin dìde, kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ. Mo ti borí. Àwọn ará ilé ń jó nígbà tí mo dé, Àdùfẹ́ gún iyán fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́.

Ìwé àṣẹ náà ló wà nínú dígí lára ògiri yẹn. Igi kan ò ṣubú ní Àgbọ̀nrínsùn. Omi ṣì ń já láti orí àpáta, Ajẹpasẹ̀ sì ti sanra. Ṣùgbọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́, nítorí pé ó ti wà nínú ìwé, mo mú àwọn àlejò dé ilẹ̀ iyọ̀. Kò sí ìyá. Kò sí ọmọ etu. Mo bu erùpẹ̀ ibẹ̀ sẹ́nu, ó tẹ́ lẹ́nu mi bí iyanrìn odò. Mo wá ipasẹ̀ ní gbogbo àyíká, èmi tí mo mọ̀ ọ́n wá, mi ò rí ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà, oṣù mọ́kànlá rèé, mi ò tíì rí ẹran kan ṣoṣo nínú gbogbo igbó náà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbọ́ ohùn ọ̀bọ.

Àwọn àlejò ṣì ń wá. Wọ́n jẹ́ èèyàn dáadáa, wọn kì í pariwo, wọ́n á jókòó sórí òkúta tí ìyá yẹn jókòó sí, wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán lé orúnkún. Ìyá olùkọ́ kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rọra fà mí láṣọ, ó ní, "Bàbá, àwọn ẹran ńkọ́?" Èmi Ọdẹ́rìndé, tí mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú igbó rí, mo tẹ̀ sí etí rẹ̀.

"Ẹ rọra dákẹ́," mo wí. "Wọ́n ń bọ̀."